Wọ́n Ta Oko Wọn Láìbi Wọ́n Léèrè

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ní oko kan. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣán igbó rẹ̀, ẹ̀yin lẹ hú kùkùté igi ibẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́ ilé sí àárín rẹ̀. Àwọn ọmọ yín mọ gbogbo ipa ọ̀nà inú oko náà bí ẹní mowó. Lọ́jọ́ kan, ìjọba ní kẹ́ ẹ di ìwọ̀nba ẹrù tẹ́ ẹ lè gbé, kẹ́ ẹ sì jáde. Wọ́n ní kẹ́ ẹ má ṣe dààmú, pé àwọn á bá yín tọ́jú ilẹ̀ náà. Ọdún kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, lẹ́tà kan dé sí àgọ́ tí wọ́n kó yín sí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé wọ́n ti ta oko náà. Ẹnikẹ́ni ò bi yín léèrè bóyá ẹ fẹ́ tà á. Ẹnikẹ́ni ò bi yín ní iye tẹ́ ẹ fẹ́ gbà.

Kí lẹ máa ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ìdílé tó wá láti Japan tí wọ́n ń gbé ní Kánádà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọn ò ní ìbọn, wọn ò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, wọn ò sì lómìnira láti pa dà sílé lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn ò ju bébà àti kálàmù lọ. Ohun náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì lò.

Àwọn Tó Sọ Igbó Di Oko

Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn èèyàn ti ń ṣí wá láti Japan sí ìpínlẹ̀ British Columbia, tó wà ní etíkun ìwọ̀ oòrùn Kánádà. Àwọn kan ń pẹja, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la pákó, àwọn míì sì tu owó jọ títí wọ́n fi ra ilẹ̀ ní àfonífojì Odò Fraser, tí kò jìnnà sí ìlú Vancouver.

Ilẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń rí rà kì í ṣe ilẹ̀ tó ti mọ́. Ibi tí àwọn agégẹdú ti gé igi ńláńlá tán ni, tí wọ́n wá fi kùkùté sílẹ̀ káàkiri. Ẹṣin, ọ̀pá irin, ohun abúgbàù àti òógùn ojú ni wọ́n fi ń hú àwọn kùkùté náà. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ìdílé kan tó rí éékà bíi mélòó kan tó ṣeé dáko sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn gbìn ni sitirọ́bẹ́rì, ìyẹn èso pupa kékeré tó máa ń tètè jẹrà. Bí ìgbà ìkórè bá ti dé, bàbá, ìyá àti ọmọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín ebè láti àárọ̀ dalẹ́. Ní àwọn ìlú bíi Mission àti Haney, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ kí wọ́n lè jọ máa ta èso wọn. Kí ogun tó dé, àwọn àgbẹ̀ yìí ló ń mú èyí tó pọ̀ jù jáde nínú sitirọ́bẹ́rì tó ń ti ìpínlẹ̀ náà wá.

Síbẹ̀, òfin ò kà wọ́n sí ọmọ onílùú. Ẹni tó bá wá láti Japan, kódà kó jẹ́ inú Vancouver ni wọ́n bí i sí, kò lè dìbò ní British Columbia. Torí pé orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé àwọn olùdìbò, kò lè ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò tàbí iṣẹ́ apòògùn. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi ṣe pàtàkì sí wọn tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ni ohun kan tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé tiwọn ni, tí wọ́n sì lè fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Ogun Dé, Ìlérí Náà Sì Dé

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941, àwọn ọmọ ogun Japan gbógun ti Pearl Harbor. Kánádà náà sì kéde ogun lòdì sí Japan. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìjọba gba ọkọ̀ ìpẹja tó tó nǹkan bí 1,200 lọ́wọ́ àwọn apẹja tó wá láti Japan. Nígbà tó di ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 1942, wọ́n gbé àṣẹ jáde pé kí gbogbo ẹni tí ìran rẹ̀ bá ti Japan wá kúrò ní etíkun, kó sì jìnnà tó 160 kìlómítà sí i. Nǹkan bí 22,000 èèyàn lọ̀rọ̀ náà kàn. Nínú èèyàn mẹ́rin, nǹkan bíi mẹ́ta ló jẹ́ pé Kánádà ni wọ́n bí wọn sí tàbí pé wọ́n ti gba ìwé ọmọ onílùú níbẹ̀.

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní British Columbia yàtọ̀. Ìka kankan ò ṣẹ̀, torí pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn nílé ẹjọ́ pé ó ṣe amí fún Japan. Síbẹ̀, gbogbo ọwọ́ ni wọ́n gé.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ni wọ́n kọ́kọ́ kó sí Hastings Park ní Vancouver, wọ́n sì ní kí àwọn obìnrin àti ọmọdé máa sùn sí ilé tí wọ́n kọ́ fún ẹran ọ̀sìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi rélùwéè kó wọn lọ sí àwọn ìlú àárín òkè bíi Slocan, New Denver àti Kaslo, níbi tí àwọn awakùsà ti pa tì. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ síbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà. Àwọn ìdílé kan gbà láti lọ sí Alberta àti Manitoba lọ ṣiṣẹ́ nínú oko tí wọ́n ti ń gbin irúgbìn tí wọ́n ń fi ṣe ṣúgà, torí pé ìyẹn nìkan ni wọ́n fi lè wà pa pọ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ilé, oko àti ẹrù tí wọ́n fi sílẹ̀? Ní oṣù Kẹta ọdún 1942, ìjọba fi gbogbo rẹ̀ sábẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí orúkọ ipò rẹ̀ túmọ̀ sí Alábòójútó Dúkìá Ọ̀tá. Àṣẹ náà sọ ọ́ ní kedere pé torí kí dúkìá náà má bàa bà jẹ́ nìkan ni wọ́n ṣe fi síkàáwọ́ rẹ̀. Àwọn tó ni ín gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Àwọn míì to ohun èlò oko wọn sínú àká, wọ́n ti ìlẹ̀kùn, wọ́n sì fún aládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́.

Alábòójútó Di Ọlọ́jà

Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ń wo ilẹ̀ náà lójú méjì. Ìjọba Kánádà ń wá ilẹ̀ tí wọ́n máa pín fún àwọn ọmọ ogun tó bá ti ojú ogun dé. Àwọn olóṣèlú kan ní British Columbia náà ò fẹ́ kí àwọn tí wọ́n lé lọ pa dà wá mọ́ láé. Ọ̀kan lára àwọn tó jà fitafita fún ìyẹn ni Ian Mackenzie, mínísítà kan tó ń ṣojú Vancouver nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Bí ilẹ̀ bá lọ, kí ni onílẹ̀ á tún pa dà wá ṣe?

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 1943, àṣẹ tuntun jáde. Ó fún Alábòójútó lágbára láti ta dúkìá náà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kí ọdún yẹn tó dé ìdajì, wọ́n ti ta oko tó lé ní 700 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹ̀ka ìjọba tó ń wá ilẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun. Àpapọ̀ owó gbogbo oko náà kò tó mílíọ̀nù kan dọ́là. Ìjọba ló tà, ìjọba náà ló rà, ìjọba náà ló sì dá iye lé e.

Ohun tó tún dunni ni ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe. Wọ́n kọ́kọ́ yọ gbèsè àti owó ìnáwó títa ilẹ̀ kúrò. Wọn kì í sì í kó ìyókù fún ẹni tó ni ín lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fún un, kó lè máa fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ ní àgọ́ tí wọ́n fipá kó o sí. Lọ́rọ̀ kan, oko àgbẹ̀ náà ni wọ́n tà, kó lè fi sanwó ìgbèkùn ara rẹ̀.

Wọ́n Mú Kálàmù

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àwọn tó wá láti Japan kàn fara mọ́ gbogbo nǹkan yìí ni, láìfọhùn. Fáìlì ìjọba fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2014, àwọn olùṣèwádìí tí Yunifásítì Victoria ṣáájú wọn ti yẹ ìwé Alábòójútó náà wò fínnífínní. Wọ́n rí nǹkan bí 300 lẹ́tà ẹ̀hónú níbẹ̀, èyí tí àwọn onílé àti onílẹ̀ kọ ní àwọn ọdún 1940. Wọ́n wà nínú fáìlì láti ọjọ́ yìí wá, láàárín ìwé ìdíyelé àti ìwé owó.

Kí làwọn èèyàn náà sọ? Àwọn kan sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò. Wọ́n ní ọmọ onílùú làwọn, àwọn ń san owó orí, òfin kan ò sì gbà pé kí wọ́n gba dúkìá ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀. Àwọn kan rán ìjọba létí ìlérí rẹ̀. Wọ́n béèrè pé: Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan nìyí? Àwọn kan ò jiyàn òfin rárá, ṣe ni wọ́n ka ọdún. Wọ́n sọ ọdún tí wọ́n ra ilẹ̀, ọdún tí wọ́n hú kùkùté tó gbẹ̀yìn, àti ọdún tí igi eléso wọn bẹ̀rẹ̀ sí í so. Wọ́n ní ilé yẹn làwọn fẹ́ fi gbara lé lọ́jọ́ ogbó. Àwọn míì sì dá ìwé sọ̀wédowó náà pa dà, torí wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá gbà á, wọ́n á sọ pé àwọn ti fọwọ́ sí i.

Ọ̀kan lára àwọn tó kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni Muriel Kitagawa, òǹkọ̀wé kan tí wọ́n bí ní Vancouver. Ilé ni wọ́n ta ní tiẹ̀, kì í ṣe oko. Ó kọ̀wé sí ìjọba láti Toronto, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì mú bí abẹ. Lọ́dún 1985, lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà àti àpilẹ̀kọ rẹ̀ sínú ìwé kan tó ń jẹ́ This Is My Own.

Ṣé ìjọba dá wọn lóhùn? Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ èsì náà sábà máa ń jọra. Ó máa ń kúrú, ó sì máa ń mọ́wà. Wọ́n á ní àwọn ti rí lẹ́tà yín, pé òfin ló ní kí wọ́n tà á, pé àwọn tó mọ̀ nípa ilẹ̀ ló dá iye lé e, àti pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Wọ́n Gba Oko Ọmọ Ogun fún Ọmọ Ogun

Bóyá ni ìtàn kankan fi ojú ọ̀rọ̀ náà hàn kedere tó ti Zennosuke Inouye. Japan ni wọ́n bí i sí, Kánádà ló sì ṣí lọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, British Columbia ò gba irú wọn sí iṣẹ́ ológun. Torí náà, àwọn tó fẹ́ jà fún Kánádà rìnrìn àjò lọ sí ìpínlẹ̀ Alberta kí wọ́n lè forúkọ sílẹ̀. Nǹkan bí 222 ọkùnrin ló lọ, 54 lára wọn ò sì pa dà wálé. Inouye wà lára àwọn tó pa dà, àmọ́ ó gbọgbẹ́ lójú ogun.

Lẹ́yìn ogun náà, ìjọba ní ètò kan tí wọ́n fi ń ran ọmọ ogun lọ́wọ́ láti ní ilẹ̀. Abẹ́ ètò yẹn ni Inouye ti rí 80 éékà ilẹ̀ onígi gbà ní Surrey. Ó ṣán an, ó gbin èso, ó sì tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1942, wọ́n lé òun náà kúrò pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Nígbà tó sì di 1943, oko rẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n tà kí wọ́n lè rí ilẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun.

Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ìjọba gba oko ọmọ ogun kan tó fara gbọgbẹ́, oko tí ìjọba fúnra rẹ̀ ràn án lọ́wọ́ láti rí, kó lè fún ọmọ ogun míì.

Inouye ò dákẹ́. Ó kọ lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíì. Ó kọ ọ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ó sì kọ ọ́ sí Mackenzie King, olórí ìjọba Kánádà. Kì í ṣe owó tó pọ̀ sí i ló ń béèrè. Ilẹ̀ rẹ̀ ló ń béèrè. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi dá a lóhùn pé kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1949, ilẹ̀ náà pa dà sọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn ọmọ ogun àtijọ́ tó wá láti Japan tí wọ́n gba ilẹ̀ wọn lọ́nà yìí, òun nìkan ni wọ́n dá tiẹ̀ pa dà fún.

Ní ọgbà Stanley Park ní Vancouver, òpó ìrántí kan wà fún àwọn tó wá láti Japan tí wọ́n kú fún Kánádà nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Àtùpà kan wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n gbógun ti Pearl Harbor, wọ́n pa iná àtùpà náà. Ọdún 1985 ni wọ́n tó tún un tàn.

Ilé Ẹjọ́ àti Ìgbìmọ̀ Olùṣèwádìí

Àwọn kan tún dáwó jọ, wọ́n gba agbẹjọ́rò, wọ́n sì pe ìjọba lẹ́jọ́ kó lè dá títa dúkìá wọn dúró. Lọ́dún 1944, ilé ẹjọ́ kan ní Ottawa gbọ́ ẹjọ́ náà. Adájọ́ tó gbọ́ ọ ni Joseph Thorson, tó ti jẹ́ mínísítà nínú ìjọba yẹn kan náà lọ́dún 1942, nígbà tí wọ́n ń lé àwọn èèyàn náà kúrò nílé. Ọdún 1947 ló tó dájọ́, èyí tó ju ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó gbọ́ ẹjọ́ náà. Ó dá wọn lẹ́bi. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń retí ìdájọ́ náà, títa dúkìá kò dáwọ́ dúró.

Lọ́dún 1947 kan náà, ìjọba yan Adájọ́ Henry Bird láti ṣèwádìí. Àmọ́, wọ́n fi ààlà sí ohun tó lè gbé yẹ̀ wò. Kò lè béèrè bóyá ó tọ́ kí wọ́n ta ilẹ̀ náà. Ohun tó lè béèrè ò ju bóyá iye tí wọ́n tà á tọ́ sí ohun tó yẹ kó jẹ́. Pẹ̀lú ààlà yẹn náà, ó gbà pé kí wọ́n fi nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún kún iye tí wọ́n ta oko àfonífojì Odò Fraser. Èyí fi hàn pé àwọn tó kọ lẹ́tà nípa owó náà ò parọ́. Àpapọ̀ owó tí ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n san nítorí onírúurú dúkìá jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún dọ́là.

Ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 1949 ni wọ́n tó gba àwọn tí wọ́n lé lọ láyè láti pa dà sí etíkun, ọdún mẹ́rin gbáko lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti gba àwọn tirẹ̀ láyè láti pa dà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ pa dà, sínú oko wo? Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1988, Brian Mulroney, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà yẹn, tọrọ àforíjì nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Wọ́n sì gbà láti san 21,000 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ṣì wà láàyè. Àwọn tó hú kùkùté wọ̀nyẹn fọwọ́ ara wọn ti kú tán, ó ku díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ fún Ilé Tiwa

Ẹnì kan lè sọ pé Kánádà jìnnà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti dàgbà nílẹ̀ wa ò ní gbàgbé pé lẹ́yìn ogun abẹ́lé Nàìjíríà tó parí lọ́dún 1970, ọ̀pọ̀ Igbo pa dà sí Port Harcourt, wọ́n sì bá a pé wọ́n ti pe ilé wọn ní dúkìá tí wọ́n pa tì. Ẹni tó sá nítorí ẹ̀mí rẹ̀ ò pa ohunkóhun tì.

Nínú àṣà àwa Yorùbá, ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí olórí ẹbí àti àwọn àgbà inú rẹ̀ ò bá fọwọ́ sí i, ẹnì kan ò lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á, àwọn ilé ẹjọ́ wa sì ti gbé ìdájọ́ kalẹ̀ lórí èyí léraléra. Lọ́wọ́ kejì, òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 gba gómìnà láyè láti gba ilẹ̀ nítorí ire gbogbo ìlú. Bó bá sì ṣẹlẹ̀, ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà, irú bí ilé àti irúgbìn, ni wọ́n sábà máa ń sanwó rẹ̀, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó lọ́jà. Ẹni tí kò bá ní àkọsílẹ̀ ohun tó gbìn àti ohun tó kọ́, kí ló fẹ́ fi béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀?

Ohun tó gba àwọn àgbẹ̀ àfonífojì Odò Fraser sílẹ̀ nínú ìgbàgbé nìyẹn. Wọ́n kọ ọjọ́, wọ́n kọ iye, wọ́n kọ orúkọ ara wọn sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà wọn ò dá ọjà náà dúró lọ́dún 1943. Àmọ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ lónìí pé wọ́n gbà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti kọ òtítọ́ náà sílẹ̀ kó tó lè bá a.

Torí náà, bẹ́ ẹ bá pe bàbá tàbí ìyá yín lórí fóònù lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ kí wọn dáadáa, kẹ́ ẹ sì rọra béèrè pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni ìwé ilẹ̀ wa wà? Ta ló mọ ààlà rẹ̀?” Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ àti kálàmù lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó pè wọ́n.